Ọjọ́ ẹ̀rín ni kẹ́ ẹ kọ ìwé ìpínyà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò pọ̀ l'Ẹdẹ, ọ̀rọ̀ yín rèé o

Bí owó kò bá tíì dé sáàárín ọ̀rẹ́ méjì, ẹ má tíì fẹnu yín sọ pé wọ́n mọwọ́ ara wọn. Ọjọ́ tí owó bá dé ni oníkálukú máa ń mọ irú ẹni tó ń bá rìn. Àwọn àgbà ní àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ọwọ́ méjì tó jọ gbé ẹrù náà lè jù ú sílẹ̀, bí ọ̀kan bá ń fà á sí apá Òṣogbo tí èkejì ń fà á sí apá Ìwó.

Nǹkan tí à ń wí yìí kò ṣàjèjì l'Ẹdẹ. Kò sí ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí, yálà ní Ọjà Tìmì, tàbí lójú ọ̀nà Òṣogbo, tàbí lágbègbè Poli. Wọ́n á kọ orúkọ èèyàn méjì sára pátákó ṣọ́ọ̀bù kan, nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà pa orúkọ ọ̀kan rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó kù náà á ti ilẹ̀kùn pa. Oníbúrẹ́dì ni o, oníbúlọ́ọ̀kù ni o, àwọn tó ń la pákó ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Èyí tó ń dun èèyàn níbẹ̀ ni pé ìjà gan-an kọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ òwò wọ̀nyí. Ahọ́n àti ẹnu pàápàá ń jà. Ohun tó ń pa òwò ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Tó bá di pé a fẹ́ pínyà ńkọ́, báwo la ó ṣe ṣe é?" Wọ́n gbà pé ẹni bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ẹnu kó èpè wọ ilé ni. Kì í ṣe èpè rárá o. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni.

ẸNÌKAN LOWÓ, ẸNÌKAN NILẸ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọ̀rẹ́ méjì fẹ́ dá iléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà sílẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, a ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Olówó, ká pe èkejì ní Onílẹ̀. Olówó kó mílíọ̀nù mẹ́fà náírà sílẹ̀. Owó yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ bọ́hóòlù, òun ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá àti jẹnẹrétọ̀, òun náà ni wọ́n fi sáré nọ́ńbà NAFDAC. Onílẹ̀ ò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wà létí títì ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ sí. Òun ló tún ń jí débẹ̀ láràárọ̀, tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, tó ń lé àwọn onígbèsè kiri.

Ọdún kìíní, àlàáfíà ni. Ọdún kejì, èrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ibẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹ́yọ. Olówó ní, "Owó mi ló bí gbogbo eléyìí, mi ò lè máa gba ìdajì." Onílẹ̀ náà ní, "Ṣé owó ẹ ló ń jí ní aago márùn-ún ìdájí ni? Èmi tí mò ń ṣe làálàá, owó oṣù mi dà?" Ìyàwó Olówó dá sí i, ẹ̀gbọ́n Onílẹ̀ dá sí i. Kí ẹ tó pajú pẹ́, ẹbí Onílẹ̀ ti fi ṣéènì ti géètì, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ bàbá àwọn. Olówó ní ẹ̀rọ, kò nílẹ̀ tó máa gbé e sí. Onílẹ̀ nílẹ̀, kò ní ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ fọ́n ká, jẹnẹrétọ̀ ń dógùn-ún síbẹ̀.

Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti Olówó, ẹ ó ní òun ló jàre. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ti Onílẹ̀, ẹ ó yí ohùn padà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àdéhùn ni kò sí ńlẹ̀.

BẸ́ Ẹ BÁ DÁKẸ́, ÒFIN Á BÁ YÍN SỌ̀RỌ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn kò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sí òfin tó de àwọn nìyẹn. Irọ́ ni o. Bí èèyàn méjì bá jọ ń ṣòwò pọ̀ tí wọ́n jọ ń jèrè, tí wọn ò sì sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì, òfin ti ní ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n. Òfin tá a ń lò nílẹ̀ Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ayé ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ ló ti wá, àwọn yẹn sì wo èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1890.

Ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó wí. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe àdéhùn mìíràn, ìdọ́gba ni ẹ ó máa pín èrè, bí ẹnìkan tiẹ̀ kó mílíọ̀nù mẹ́fà sílẹ̀ tí èkejì kó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ìdọ́gba náà sì ni ẹ ó pín àdánù. Alájọṣe tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó oṣù kankan, àfi tẹ́ ẹ bá ti jọ fẹnu kò sí i. Ẹ ò lè gba ẹni kẹta wọlé bí ẹnìkan nínú yín kò bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá pọ̀ tó mẹ́rin, mẹ́ta kò lè fìbò lé ẹni kan jáde, àyàfi bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú yín bá lọ jẹ gbèsè lórúkọ òwò náà, ọrùn gbogbo yín ni gbèsè wà. Ó wá ku èyí tó burú jù: bí ọ̀kan bá kú, òwò náà tú nìyẹn lójú òfin.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ Olówó àti Onílẹ̀. Olówó tó rò pé òun máa gba ju ìdajì lọ, kò rí i gbà. Onílẹ̀ tó ń béèrè owó oṣù, òun náà kò rí i gbà. Ilẹ̀ ńkọ́? Bó ṣe pé owó òwò ni wọ́n fi rà á ni, à bá ní ti òwò ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹnìkan kàn gbà kí wọ́n máa lò kò di ti àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ wá rí i pé àìsọ̀rọ̀ kò gbe ẹnikẹ́ni nínú wọn?

Ohun mìíràn tún wà tó ń dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ òwò yín di kọ́ńpìnnì lẹ ni ín. Láyé òfin kọ́ńpìnnì tọdún 1990, ó kéré tán, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó dá òwò wọn ṣe wá lọ mú orúkọ àbúrò, ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ fi kún un, wọ́n kọ ìpín sí i lórúkọ kí nọ́ńbà lè pé. Wọ́n gbà pé orúkọ lásán ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ CAC pé ó nípìn-ín, onípìn-ín ni o! Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè wá béèrè rẹ̀ lọ́la. Òfin tuntun tọdún 2020 ti wá gbà kí ẹnìkan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má mú ẹni tẹ́ ò fẹ́ bá pín nǹkan wọ inú ìwé yín mọ́.

ÌJỌBA PÀÁPÀÁ Ò RÍ I ṢE WẸ́RẸ́

Kẹ́ ẹ má baà rò pé àwọn oníṣòwò kéékèèké nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá, ẹ jẹ́ ká wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níhìn-ín. Ọdún 1990 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n padà sọ ní Ladoke Akintola, tí gbogbo ayé mọ̀ sí LAUTECH. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Yunifásítì wá di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni olú ọgbà wà, Òṣogbo ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di dókítà, ilé ìwòsàn ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Fún bí ọdún mélòó kan, ó dà bíi pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 2010, nígbà tí Alao-Akala wà l'Ọ̀yọ́ tí Oyinlola wà l'Ọ̀ṣun, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọ̀yọ́ ní òun nìkan lòun ni ín, Ọ̀ṣun ní kò jọ ọ́, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàápàá gbọ́ sí i. Àmọ́ kóòtù lè sọ pé ẹ jọ ni nǹkan, kò lè mú kẹ́ ẹ fẹ́ràn ara yín. Ọ̀rọ̀ owó tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ kó máa san wá ń fa ìyanṣẹ́lódì lemọ́lemọ́. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, ọ̀pọ̀ oṣù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé. Ẹni tó yẹ kó ti jáde kò rí i jáde, òbí tó ti tọrọ owó fi san owó iléèwé ń wo ọmọ lójú nínú ilé. Àwọn ọmọ Ẹdẹ wà nínú wọn.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní àsìkò Makinde l'Ọ̀yọ́ àti Oyetola l'Ọ̀ṣun, àjọ NUC bá wọn parí rẹ̀. Ọ̀yọ́ mú LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ṣun mú apá ti Òṣogbo, ó sì fi kún UNIOSUN. Oníkálukú mú èyí tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: irú ìpín tó rọrùn báyìí, ẹnikẹ́ni lè ronú kàn án lọ́dún 1991 tí wọ́n pín ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé, "Bọ́rọ̀ bá dà báyìí, báyìí la ó ṣe pínyà," ìyà tó jẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn ì bá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

ẸNI TÓ FẸ́ TA ÌPÍN RẸ̀, TA NI YÓÒ TÀ Á FÚN?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nọ́ńbà fóònù 0802, ẹ ó rántí pé orúkọ ló ń gorí orúkọ níbẹ̀. Econet ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2001. Ó fìgbà díẹ̀ jẹ́ Vodacom lọ́dún 2004, ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ọdún 2010 ló sì di Airtel. Ọ̀pọ̀ rò pé ara lásán ni wọ́n ń dá. Rárá o, ìjà àwọn onípìn-ín wà nídìí rẹ̀.

Strive Masiyiwa, ọmọ orílẹ̀-èdè Sìmbábúwè, ló ni Econet tó mú orúkọ àti ìmọ̀ iṣẹ́ wá. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan àti àwọn olówó ilẹ̀ wa ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín. Ìjà dé, wọ́n ní kí Econet máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní ìwé kan lọ́wọ́. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn onípìn-ín bá fẹ́ tà, àwọn tó wà nílé ni kó kọ́kọ́ fi lọ̀. Lọ́dún 2006, wọ́n ta ìpín márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún Celtel ní owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Econet ní wọn ò fi lọ òun bó ṣe yẹ, ó gba kóòtù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣẹjọ́. Lọ́dún 2012, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná sọ pé onípìn-ín ni Econet síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó níwèé lọ́wọ́ lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá ti lé e jáde. Èkejì ni pé kò tó kẹ́ ẹ kàn kọ ọ́ pé ará ilé lẹ ó kọ́kọ́ fi lọ̀. Ẹ kọ iye ọjọ́ tó ní láti fi dáhùn, kẹ́ ẹ sì kọ ẹni tí yóò bá yín díye lé e.

ÀLÙPÙPÙ LÁSÁN!

Èyí tó ń bani lọ́kàn jẹ́ jù ni ti Àyìnlá Ọmọwúrà, ọba orin àpàlà l'Abẹ́òkúta. Òun àti Báyéwù tó jẹ́ màníjà rẹ̀ kì í ṣe onípìn-ín bíi ti kọ́ńpìnnì, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Àlùpùpù kan wà tí Ọmọwúrà rà fún un láti máa fi ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n pínyà, àlùpùpù náà wà lọ́wọ́ Báyéwù. Ọmọwúrà ní kó dá a padà, kò dá a padà. Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, wọ́n pàdé nílé ọtí, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà. Ife bíà ni Báyéwù là mọ́ Ọmọwúrà lórí, ibẹ̀ ni baba olórin sì gbà lọ. Ìjọba dá ẹjọ́ ikú fún Báyéwù náà, wọ́n yẹgi fún un.

Ẹ̀mí méjì lọ, ẹgbẹ́ olórin tú, torí àlùpùpù tí ìwé pélébé kan ì bá ti sọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, a ó yanjú ẹ̀ tó bá yá," ṣé ẹ gbọ́?

ÀWỌN TÓ RÍ I ṢE

Kì í ṣe gbogbo àjọṣe ló ń dà rú o. Lọ́dún 1976 tí wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, àwọn iléeṣẹ́ àti ilé ńláńlá tí ìjọba àtijọ́ fi sílẹ̀ kò ṣeé gé sí mẹ́ta. Wọ́n wá kó o pọ̀ sábẹ́ kọ́ńpìnnì kan tí wọ́n pè ní Odù'a, tó fi Cocoa House n'Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991 àti Èkìtì lọ́dún 1996, àwọn náà gba ìpín tiwọn. Èkó náà wọlé lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé wọn kì í ṣàríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ìpín kálukú wà nínú ìwé, ìgbìmọ̀ olùdarí sì wà. Gómìnà ń lọ, gómìnà ń bọ̀, kọ́ńpìnnì wà níbẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ KỌ SÍLẸ̀

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dòwò pọ̀, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ jókòó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń pa ara yín lẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé:

1. Kí ni oníkálukú mú wá, èló sì ni ẹ díye lé e? Ilẹ̀ ńkọ́: ṣé ẹ̀bùn ni, ṣé títà ni, àbí òwò yóò máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìdílé, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ilé fọwọ́ sí i.

2. Ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èló lowó oṣù rẹ̀? Owó oṣù yàtọ̀ sí èrè o.

3. Báwo lẹ ó ṣe pín èrè, èló lẹ ó sì máa fi sílẹ̀ sínú òwò?

4. Ta ló lè fọwọ́ síwèé ní báńkì? Ó sàn kó jẹ́ ẹni méjì. Èló ni ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ ná láìbi èkejì?

5. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì tí èrò yín ò ṣọ̀kan, ta ni ẹni kẹta tẹ́ ẹ ó gbọ́ tirẹ̀? Ẹ ti mú un sílẹ̀ kí ìjà tó dé.

6. Bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde, báwo lẹ ó ṣe díye lé ìpín rẹ̀, oṣù mélòó lẹ ó fi san án?

7. Bí ẹnìkan bá kú, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò wá jókòó síbẹ̀ ni, àbí ẹ ó san owó fún wọn?

Ìbéèrè keje yìí, ẹ má fojú fò ó. Ẹni tó ní ìyàwó méjì mẹ́ta tó sì kú láìsọ nǹkan kan, gbogbo ojúlé ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣojú wá síléeṣẹ́. Ẹni tó kù láyé kò ní mọ ẹni tó yẹ kó dá lóhùn.

Àwọn kan á ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń kírun ni mọ́ṣáláṣí kan náà ni." Ó dáa. Nínú Àlùkùráánì, àyà tó gùn jù lọ, ìyẹn 282 nínú Súrátù Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́ náà, ẹ lọ ka orí kẹtàlá ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Nígbà tí àwọn darandaran Ábúráhámù àti ti Lọ́ọ̀tì ń jà, Ábúráhámù ló ní kí ọmọ àbúrò òun kọ́kọ́ mú apá tó wù ú, kí òun gba apá kejì. Ẹ̀sìn kò kọ ìwé, kò sì kọ ìpínyà tó lọ́wọ̀.

BÍ ÌJÀ BÁ TI DÉ ŃKỌ́?

Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ti géètì pa. Òwò tó ń ṣiṣẹ́ ló lówó lórí, èyí tẹ́ ẹ bá tì pa, irin àjókù ni. Ẹ jẹ́ kí àkántà kan tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni yẹ ìwé owó wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹnìkan jalè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, a máa ń rí i pé owó kò sọnù, àìkọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ síwájú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń bẹ̀rù: àgbà ẹbí, olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò yín, Ìyálọ́jà, ìmáàmù tàbí pásítọ̀. Kí wọ́n gbọ́ ẹnu méjèèjì níṣojú ara wọn. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, torí ìlàjà tí wọn ò kọ sílẹ̀ máa ń di ìjà tuntun. Òfin tọdún 2023 lórí ìlàjà àti ìdájọ́ ẹ̀yìn kóòtù wà ńlẹ̀ báyìí. Bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn yín pé ẹlẹ́nu kẹta ló máa dá ẹjọ́ yín, kóòtù máa ń ní kẹ́ ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ ná. Àwọn lọ́yà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Owó tẹ́ ẹ máa fún lọ́yà láti kọ ìwé kò tó ìdá kan nínú èyí tẹ́ ẹ máa fún un láti jà.

Kóòtù gan-an kẹ́ ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì kọ nǹkan kan nínú òwò yín, kò tíì pẹ́ jù, bẹ́ ẹ bá ṣì ń jókòó jẹun pọ̀. Ẹ pe ẹnìkejì yín lálẹ́ òní. Ẹ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá kú, kí lo máa fún àwọn ọmọ mi?" Bó bá dáhùn dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá bínú pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè, a jẹ́ pé ó yẹ kẹ́ ẹ tètè béèrè èyí tó kù nìyẹn.